Orúkọ Tí Wọ́n Pè Nínú Ìdágbére

Mo ń po ògì lọ́wọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ tí ohùn náà dé. Ọmọ ọmọ mi, tó ń bá mi kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ nítorí pé èmi ò mọ̀wé, ló gbé fóònù wá bá mi nídìí iná. Ó ní, "Màmá, ẹgbẹ́ yín ti tú ká o." Mo bi í pé ẹgbẹ́ wo. Ó ní, "Àwọn olórin yín, àwọn oníwákà Ẹ̀pẹ́." Mo ní kó má fi mí ṣe ẹlẹ́yà láàárọ̀ kùtù. Ló bá tẹ fóònù, ohùn olórí wọn sì jáde.

Ohun tó sọ kò pọ̀, ohùn rẹ̀ sì há díẹ̀, mo rò pé fóònù ló fà á. Mo lè sọ gbogbo rẹ̀ síbí, nítorí mo gbọ́ ọ títí ó fi wọ̀ mí lórí. Ó ní: "Ẹ̀yin olólùfẹ́ wa, àsàlámù àlékùm. Ẹgbẹ́ wa parí síbí o. Kò sí ìjà, kò sí ìta. Ẹ ti ṣe fún wa, Ọlọ́run á ṣe fún yín. Ẹni tá a bá ṣẹ̀, kó forí jì wá nítorí Ọlọ́run. Ìyá Ìjẹ̀dẹ̀, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an ni. Ó dìgbóṣe."

Lẹ́yìn ìyẹn ó húkọ́, nǹkan kan bíi irin dún gbàǹgàn lẹ́yìn rẹ̀, ohùn sì dákẹ́.

Ó yẹ kí n sunkún. Láti ìgbà tí irun orí mi ṣì dúdú ni mo ti ń tẹ̀ lé àwọn obìnrin wọ̀nyẹn láti òde dé òde. Ṣùgbọ́n ẹkún kọ́ ló kọ́kọ́ wá. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé, Ìyá Ìjẹ̀dẹ̀ kẹ̀? Nínú gbogbo wa? Ẹgbẹ́ tó fẹ́ fi orin sílẹ̀ títí láé, tó ní ẹyọ orúkọ kan ṣoṣo tó fẹ́ pè kó tó lọ, ti Ìyá Ìjẹ̀dẹ̀ ló pè? Mo ní kí ọmọ náà tún un tẹ̀, bóyá etí mi ti fo ibì kan. Ó tún un tẹ̀. Mo ní kó gbé e sún mọ́ etí mi ọ̀tún, èyí tó ṣì ń gbọ́ràn dáadáa. Ìyá Ìjẹ̀dẹ̀ náà ni. Kò sí ẹlòmíì. Ìgbà tí mo fi máa bojú wẹ̀yìn, ògì ti ṣù nínú ìkòkò, mo bá gbé e fún àwọn adìyẹ.

Ẹ ò lè mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi dùn mí tó bẹ́ẹ̀ bí n kò bá sọ bí mo ṣe mọ̀ wọ́n. Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí mi sí, ọkọ ló gbé mi wá sí Ìkòròdú. Ọṣẹ dúdú àti kànìnkànìn ni mo fi gbogbo ayé mi tà. Mo máa ń gbé e kiri láti Lásùnwọ̀n títí dé Ìpàkodò létí ọ̀sà, kí orúnkún mi tó ní òun ò lọ mọ́. Ìyá Ọlọ́ṣẹ ni wọ́n ń pè mí. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ń ṣe nìkáì ní ìtòsí ibi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń kó èrò. Mo gbọ́ ohùn obìnrin kan tó ń kọrin, ohùn Ẹ̀pẹ́ ni, bí ìyá mi ṣe máa ń fa ọ̀rọ̀ gùn níparí ni òun náà ń fà á. Wọn ò tíì di ẹlẹ́ni márùn-ún tí gbogbo ayé wá mọ̀, méjì péré ni wọ́n nígbà yẹn, wọn ò sì ní ẹ̀rọ. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú igbá ọṣẹ lórí mi títí wọ́n fi kọrin tán. Ọrùn mi ro mí dọjọ́ kejì. Láti ọjọ́ náà, kò sí òde tí mo gbọ́ pé wọ́n ti fẹ́ ṣeré, ní Ìkòròdú, ní Ìjẹ̀dẹ̀, ní Ẹ̀pẹ́, tí mi ò lọ, yálà wọ́n pè mí tàbí wọn ò pè mí. Iwájú ni mo máa ń jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn jáde. Etí mi òsì tí kò gbọ́ràn dáadáa mọ́ yìí, àwọn ni wọ́n bà á jẹ́ fún mi, mi ò sì bínú.

Bí ẹ bá dé òde tí wọ́n ti ń ṣeré, tí ẹ sì fẹ́ kí wọ́n kí yín nínú orin, ọ̀nà rẹ̀ kò le. Elégbè tó dúró níparí, lápá òsì, ni ẹ máa lọ bá. Ẹ ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ẹ ó sọ orúkọ yín sí i létí, ẹ ó sọ ti ọkọ yín, ẹ ó sọ ti ìlú yín, àti ti ọmọ yín tó wà lókè òkun bí ẹ bá ní. Bó ṣe ń gbe orin ló máa máa gbọ́ yín. Tó bá yá, á rọra sún mọ́ olórí wọn, á sọ ọ́ sí òun náà létí. Kí ẹ tó mọ̀, orúkọ yín ti bọ́ sínú ẹ̀rọ, gbogbo àdúgbò ń gbọ́ ọ.

Èmi ò ṣe é rí. Kì í ṣe pé mi ò fẹ́ kí wọ́n kí mi. Mo fẹ́ ẹ ju oúnjẹ lọ. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ èmi ni mo lọ sọ orúkọ mi fún wọn, ṣé kì í ṣe èmi ni mo kí ara mi? Ohun tí mo fẹ́ ni kí wọ́n wo ojú mi lọ́jọ́ kan, kí wọ́n bi ara wọn pé, ta ni ìyá yìí tá a máa ń rí níbi gbogbo? Kí wọ́n wá mi dé ìdí, kí wọ́n mọ̀ mí. Mo ń dúró de ọjọ́ yẹn. Mo dúró pẹ́.

Ìyá Ìjẹ̀dẹ̀ ní tirẹ̀ kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ó dé bá mi nínú ọ̀rọ̀ àwọn olórin wọ̀nyí ni; mo ti ń jókòó síwájú kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ẹja yíyan ló ń tà. Kì í tilẹ̀ í ṣe ọmọ Ìjẹ̀dẹ̀. Ọmọ Ìwó ni, ọkọ ló fẹ́ síbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe máa ń kí i nínú orin, ẹ ó rò pé inú ọ̀sà ni wọ́n bí i sí. Kó tó jókòó níbi òde, ó ti dé etí elégbè. Á sọ tirẹ̀, á rẹ́rìn-ín, eyín góòlù tó ṣe wá láti Mẹ́kà á máa tàn yanran. Wọ́n á kí i tán, á tún dìde, á tún lọ sọ ti ọmọ rẹ̀. Mo máa ń wò ó, mo máa ń sọ nínú mi pé, obìnrin yìí ò nítìjú. Ó sì máa ń padà wá jókòó tì mí, á fi ìgbòǹwọ́ rọra gún mi, á ní, "Màmá, ẹ̀yin náà ẹ lọ sọ tiyín." Mo máa ń ní ẹsẹ̀ ló ń dùn mí.

Ó dáa. Ẹgbẹ́ tú ká, ohùn dé, ọjọ́ Sannde tó tẹ̀ lé e pé. Àwa olólùfẹ́ wọn ní Lásùnwọ̀n máa ń pàdé lẹ́yìn àdúrà Àsàlátù, nílé obìnrin kan tá à ń pè ní Ìyá Ẹgbẹ́. Òun ni olórí wa. Ọmọ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lójú Èkó lọ́hùn-ún ra ẹ̀rọ ńlá kan fún un. Wọ́n so fóònù mọ́ ọn, wọ́n tẹ ohùn ìdágbére náà, ó sì kún gbogbo pálọ̀. Ìgbà tó dé "Ìyá Ìjẹ̀dẹ̀, ẹ ṣeun," ó dà bíi pé ògiri gan-an ló ń pè é. Ìyá Ìjẹ̀dẹ̀ fúnra rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tá a ti rí i níjókòó wa gbẹ̀yìn.

Bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ tán ni ìtumọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìyá Ẹgbẹ́ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ẹ gbọ́ 'kò sí ìjà' yẹn? Ta ló bi wọ́n léèrè ìjà? Ìjà wà níbẹ̀. Ìjà ńlá."

Obìnrin kan wà láàárín wa tá à ń pè ní Ìyá Ṣọ́ọ̀ṣì, ará Ọ̀ṣun tó gba yàrá lẹ́yìnkùlé Ìyá Ẹgbẹ́. Onígbàgbọ́ ni, ṣùgbọ́n orin wákà dùn mọ́ ọn ju bó ṣe dùn mọ́ ọmọ Lèmọ́ọ̀mù lọ. Ó ní, "Ẹ tún tẹ ibi tó ti húkọ́. Ikọ́ kọ́ nìyẹn. Ẹkún ni. Ó fi ikọ́ bo ẹkún mọ́lẹ̀."

Ẹnìkan ní, "Irin tó wá dún ńkọ́?"

Ìyá Ṣọ́ọ̀ṣì ní, "Ilẹ̀kùn ni. Ọkọ rẹ̀ ló ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, ó ní kò gbọdọ̀ jáde lọ kọrin mọ́."

Ìyá Ẹgbẹ́ bú sẹ́rìn-ín. "Ọkọ wo? Ọkọ tó ti kú lọ́jọ́ tó ti pẹ́?"

"Ṣé kò lè fẹ́ òmíì ni? Ṣé ojú yín ló máa fi fẹ́ ẹ ni?"

A rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ń yí po, wọn ò fẹ́ fọwọ́ kan ibi tó ń dun èmi. Mo bá sọ̀rọ̀. Mo ní, "Ẹ wo ibi tí wọ́n fi orúkọ Ìyá Ìjẹ̀dẹ̀ sí. Ẹ̀yìn 'ẹni tá a bá ṣẹ̀' ló bọ́ sí gẹ́lẹ́. Ṣé ẹ̀yin ò rí i ni? Wọ́n ti ṣẹ̀ ẹ́ ni. Wọ́n ń bẹ̀ ẹ́."

Mo rán wọn létí bí àwọn tó ń lọ Mẹ́kà ṣe máa ń lọ káàkiri ilé tọrọ àforíjì kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ òfúrufú. Ta ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ lọ bá? Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ jù lọ ni. Ẹni tí wọ́n fẹ́ràn ti mọ̀ pé wọ́n fẹ́ràn òun, kò nílò ẹ̀bẹ̀. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni mo ń rí i pé ó ń wọ̀ wọ́n lára. Ìyá Ṣọ́ọ̀ṣì ń mi orí. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Òótọ́ ni o. Mo ti ń wò ó pé wọn ò kí i dáadáa mọ́ láti ibi ìsọmọlórúkọ kan tá a jọ lọ." Inú mi dùn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde jó.

Ìyá Ẹgbẹ́ wá ń wò mí. Ó ní, "Ìyá Ọlọ́ṣẹ, ṣé kì í ṣe pé ẹ̀ ń jowú?"

"Èmi? Kí ni mo fẹ́ jowú lára ẹlẹ́ja?"

"Ojú yín pọ́n bí epo."

"Oorun ni mi ò sùn tó."

Ó sún ìjókòó mọ́ mi, ó rọ ohùn sílẹ̀, ó ń fi ọwọ́ pa mí lẹ́yìn bí ọmọdé. Ó ní, "Ẹ má da ara yín láàmú. Àlejò là ń dágbére fún. Tí ẹ bá ń jáde nílé yín, ṣé ẹ máa ń dúró kí ẹni tẹ́ ẹ jọ ń gbélé lọ́kọ̀ọ̀kan pé ó dìgbóṣe? Àlejò tó bá wà ní pálọ̀ lẹ máa kí. Ará ilé ni yín sí wọn. Ìdí nìyẹn tí wọn ò fi pè yín."

Háà! Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára bí omi gbígbóná tí wọ́n fi wẹ̀ mí. Ará ilé! Mo ti ń gbé e kiri inú mi, mo ti ń tò ó sí ipò tó dáa, kí Ìyá Ṣọ́ọ̀ṣì tó la ẹnu rẹ̀. Ó ní, "A jẹ́ pé ará ilé ni gbogbo wa nìyẹn o. Èmi náà, wọn ò pè mí." Àwọn yòókù náà bá bẹ̀rẹ̀. "Wọn ò pè mí." "Wọn ò pe èmi náà." Kálukú ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ohun tí mo rò pé èmi nìkan ni wọ́n fún, wọ́n ti ń bu ú ká bí ìrẹsì ìnáwó. Àní obìnrin kan tí kò tíì lọ sí òde wọn tó ẹ̀ẹ̀mẹta, òun náà ti di ará ilé.

Mo dìde. Mo ní mo fẹ́ lọ kírun. Bí mo ṣe ń lọ lọ́nà ni mo pinnu pé Ẹ̀pẹ́ ni mo máa lọ. Mo fẹ́ wo olórí wọn lójú, kí n bi í bóyá ó mọ̀ mí. Tó bá ní òun ò mọ̀ mí, kí n mọ̀.

Mo parọ́ fún àwọn ọmọ mi pé ilé ẹ̀gbọ́n mi ni mò ń lọ kí wọ́n tó jẹ́ kí n dá lọ. Mo wọ bọ́ọ̀sì Ẹ̀pẹ́ ní gáréèjì, mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Mo gbé ọṣẹ dúdú dání nínú ọ̀rá, nítorí mi ò lè lọ lọ́wọ́ òfo. Gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń tò ó lẹ́nu, bí mo ṣe máa sọ ọ́. Ìgbà tí mo bọ́ sílẹ̀, wíwá ilé kò ṣòro. Gbogbo Ẹ̀pẹ́ ló mọ ilé rẹ̀. Ọmọ kékeré kan tó ń ta omi ló nà án sí mi: ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì aláwọ̀ ewé, tí igi ọ̀pọ̀tọ́ wà níwájú rẹ̀.

Mo dé ẹnu ọ̀nà. Mo ní, "Àgò onílé o."

Ohùn kan dáhùn láti inú lọ́hùn-ún pé, "Àgò yà o!" Mo mọ ohùn yẹn. Kì í ṣe ohùn olórin.

Ìyá Ìjẹ̀dẹ̀ ló jáde. Ó so ìborùn mọ́ ìdí, ìró ilé ló ró, ṣíbí ìsebẹ̀ ń kán tó tó lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wò mí, ó ya ẹnu, eyín góòlù yọ. "Yéè! Ìyá Ọlọ́ṣẹ! Ta ló júwe ibí fún yín?"

Mo ní, "Èmi ló yẹ kí n bi ọ́. Kí lò ń ṣe nílé onílé pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́?"

"Omi ẹja ni mò ń sè, Màmá. Ẹ wọlé, ẹ má dúró sójú ọ̀nà bí ẹni tó wá já iná."

Mo wọlé. Olórí wọn wà lórí àga ní pálọ̀, ó fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wé ọrùn. Ó ti rù. Mo dàgbà jù ú lọ dáadáa, mo lè bí i, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò gbà kí n pè é ní "ìwọ". Mo kúnlẹ̀ díẹ̀ bí orúnkún mi ṣe lè gbà mí láyè, ó sì ní, "Háà, Màmá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin ni mo máa kúnlẹ̀ kí." Ohùn rẹ̀ dà bíi ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ ìrọ̀rí. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀. Nǹkan ti hù sí i lọ́fun. Wọ́n ti yọ ọ́ ní ọsibítù, dókítà sì ti sọ pé orin ti parí. Kò fẹ́ kí ayé gbọ́ nígbà yẹn. Ó ti ní ká sọ ọ́ báyìí, ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ ọ́.

Mo bi í léèrè ọ̀rọ̀ ìdágbére. Mo sọ gbogbo bá a ṣe ń túmọ̀ rẹ̀ ní Lásùnwọ̀n fún un: ìjà ńlá, ẹkún tó fi ikọ́ bò, ọkọ tuntun tó ti ilẹ̀kùn. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì lè jáde. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọ̀fun mú, omi ń jáde lójú rẹ̀. Ìyá Ìjẹ̀dẹ̀ sáré jáde láti ilé ìdáná. "Ẹ má pa á lẹ́rìn-ín o, Màmá! Dókítà ò fẹ́!" Ó wá gbọ́ ti ilẹ̀kùn, òun náà sì dijú rẹ́rìn-ín. "Ilẹ̀kùn kẹ̀? Ìdérí ìkòkò mi ni! Mo di fóònù mú lọ́wọ́ kan, mo fẹ́ fi ọwọ́ kejì dé ọbẹ̀, ó bá já bọ́."

Mo ní, "Ìwọ lo di fóònù mú?"

Olórí wọn ló dáhùn. "Òun ni. Mo sọ̀rọ̀ tán, mo gbójú sókè, mo rí i níwájú mi. Mo bá ní ẹ ṣeun. Mi ò rò ó ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Ó tán. Mi ò rò ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo bí mo ṣe ń dá oorun mi dúró nítorí ọ̀rọ̀ yẹn! Ẹ ó rò pé inú mi á rọ̀. Kò rọ̀. Ó tún le sí i. Nítorí mo ti ń bi ara mi pé báwo ni òun ṣe dé inú yàrá yìí, tí èmi ò sì dé ibẹ̀? Ó sì sọ ọ́ fún mi láìjẹ́ pé mo bi í, bó ṣe ń bu omi ẹja sínú abọ́. Elégbè tó máa ń sọ orúkọ rẹ̀ sí létí ló di ọ̀rẹ́ rẹ̀. Elégbè yẹn ló pè é lórí fóònù tó ní olórí àwọn ò lè gbé nǹkan mì, ẹja Ìjẹ̀dẹ̀ ló ń béèrè. Láti ìgbà náà ló ti ń wá. Àwa rò pé ó ń sá fún wa lọ́jọ́ Sannde, òun wà níbí ó ń yọ eégún ẹja kúrò nínú abọ́ fún olórin. Kò sọ fún ẹnì kankan nítorí wọ́n ní kó má sọ. Bó ṣe dáa tó yẹn náà tún ń dùn mí. Kò fi ohunkóhun sílẹ̀ tí mo lè dì mọ́ ọn lọ́rùn.

Mo gbé ọṣẹ mi jáde nínú ọ̀rá. Olórí wọn gbà á, ó gbóòórùn rẹ̀, ó dúpẹ́. Mo sọ nínú mi pé nísinsìnyí ni, bí mi ò bá sọ ọ́ báyìí, mi ò ní sọ ọ́ mọ́. Mo ní, "Alhaja, ṣé ẹ mọ̀ mí?"

Ó wò mí. Ó wò mí pẹ́. Ó ní, "Mo mọ ojú yín, Màmá. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ lẹ máa ń jókòó sí, ẹ kì í sì í fọwọ́ di etí bí àwọn yòókù. A máa ń sọ ọ́ láàárín ara wa nínú mọ́tò, pé ìyá yẹn kì í béèrè pé ká kí òun. Elégbè mi ní kí ẹnikẹ́ni má yọ yín lẹ́nu, bóyá ẹ ò fẹ́ kí wọ́n pe orúkọ yín níta." Ó gbé omi mu. "Kí là ń pè yín gan-an?"

Mo ti ń dúró de ìbéèrè yẹn láti ọjọ́ Ìpàkodò. Ó wá dé, mo sì ń tún ìborùn mi ṣe. Bí mo ṣe ń wá ẹnu mi ni mo rí i tí Ìyá Ìjẹ̀dẹ̀ gbé abọ́ sílẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ mọ́ etí olórí wọn bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ mọ́ etí elégbè, tó la ẹnu. Ó fẹ́ bá mi sọ ọ́.

Mo pariwo. "Má sọ ọ́! Ìwọ obìnrin yìí, má sọ tèmi! Ẹnu tèmi ni mo máa fi sọ ọ́!"

Ó fò sẹ́yìn. "Ẹ má bínú, Màmá, mo rò pé..."

"Má rò ó!"

Mo bá sọ ọ́. Mo ní Ìyá Ọlọ́ṣẹ ni, ti Lásùnwọ̀n. Mo sọ orúkọ tí bàbá mi sọ mí àti èyí tí ìyá mi fi ń kí mi láàárọ̀. Mi ò ní kọ àwọn yẹn síbí, tèmi ni wọ́n. Mo ní ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí, mo sì dárúkọ àdúgbò wa. Olórí wọn gbé ọrùn sókè. "Ọmọ Ẹ̀pẹ́? Ọmọ ibí yìí ni yín, tí ẹ sì fi gbogbo ọdún wọ̀nyí dákẹ́?"

Kò lè kọrin. Ó kàn sọ ọ́ ni, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ohùn rẹ̀ ń há. Ṣùgbọ́n ó tò ó bí wọ́n ṣe máa ń tò ó lórin. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìlú, ó lọ sí bàbá, ó lọ sí ìyá, ó fi Ìyá Ọlọ́ṣẹ parí rẹ̀, ó sì fa ìparí rẹ̀ gùn bí wọ́n ṣe máa ń fà á nílé wa. Ojú mi ló ń wò. Ibi tó ti yẹ kí àwọn elégbè gbà á ni mo gbọ́ tí ẹnìkan gbà á, jẹ́jẹ́, lẹ́yìn mi. Ìyá Ìjẹ̀dẹ̀ ni. Ó mọ ègbè náà dunjú, ó sì dùn lẹ́nu rẹ̀. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí wọ́n kí èmi láyé yìí, obìnrin yẹn ló gbè é.

A jọ wọ bọ́ọ̀sì padà ni. Olórí wọn ti ní ká sọ òótọ́ fún àwọn ará Lásùnwọ̀n kí wọ́n yéé da ara wọn láàmú. Bọ́ọ̀sì ti rìn jìnnà kí Ìyá Ìjẹ̀dẹ̀ tó bi mí pé:

"Ẹ ó sọ fún wọn lọ́jọ́ Sannde pé wọ́n kí yín?"

Mo ní, "Ta ló máa gbà? Tìẹ wà lórí fóònù, gbogbo ayé ti gbọ́ ọ. Tèmi dà?"

Ó ní, "Èmi ńkọ́? Ṣé mi ò sí níbẹ̀ ni? Mo máa jẹ́rìí yín."

Mo yíjú sí fèrèsé. Ohun tó bí mi nínú ni pé òótọ́ ló sọ. Mo wá inú ọ̀rọ̀ náà títí, mi ò rí ẹlẹ́rìí mìíràn. Orúkọ mi tí wọ́n pè, àfi kí ẹnu Ìyá Ìjẹ̀dẹ̀ gbé e jáde kí ẹnikẹ́ni tó lè gbọ́ ọ.

Lọ́jọ́ Sannde, èmi ni mo kọ́kọ́ dé ilé Ìyá Ẹgbẹ́. Mo fi ìborùn mi gba àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ìyá Ṣọ́ọ̀ṣì fẹ́ jókòó síbẹ̀, mo ní ẹnìkan ń bọ̀. Ìyá Ìjẹ̀dẹ̀ wá dé, gbogbo pálọ̀ ké pè é, "Ẹni tí wọ́n pè!" Ó rẹ́rìn-ín. Àárín ló lọ dúró sí, kò tilẹ̀ rí àyè tí mo gbà sílẹ̀ fún un. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀: ọ̀fun, ọsibítù, dókítà. Àwọn kan ń sunkún. Ó sọ ti ìdérí ìkòkò, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó wá bọ́ sórí ẹja, irú ẹja tó rà, bó ṣe yọ eégún rẹ̀, bó ṣe jẹ́ pé kò fi ata sí i. Ìyá Ẹgbẹ́ ń bi í ní ìbéèrè lórí ẹja náà.

Mo jókòó, mo fi etí mi ọ̀tún sí i. Kò tíì dé orí tèmi.